Kí Ohun Èlò Ìkọ́ni Yín Tó Dé Ọwọ́ Tíṣà Mìíràn

Ẹja ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ Praimárì 4 ní ìdá nínú ìṣirò. Ẹ̀pẹ́ la wà, ọ̀sà kò jìnnà sí wa, ọmọ tí kò bá ìyá rẹ̀ dé Ọjà Olúwo rí kò pọ̀ ní kíláàsì mi. Màá gé páálí ní àwòrán ẹja, màá wá gé e sí mẹ́ta níṣojú wọn: orí, àárín, ìrù. Màá bi wọ́n pé, "Ta ló fẹ́ gba ìrù?" Ẹnikẹ́ni kì í nawọ́. Wọ́n á ní ìrù ti kéré jù, àárín ló lẹ́ran. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ègé mẹ́ta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò lè pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdá kan nínú mẹ́ta, torí wọn ò dọ́gba.

Mo fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìkòròdú. Nígbà tó lò ó tán, ó pè mí. Ó ní àwọn ọmọ gbádùn ẹja náà gan-an, wọ́n sì ti mọ̀ pé orí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, àárín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìrù náà sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Àyà mi já. Mo tún ìwé tí mo fi ránṣẹ́ kà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: "Fi àwòrán ẹja ṣàlàyé ìdá. Gé e sí orí, àárín àti ìrù." Ohun tí mo kọ ló ṣe. Ìbéèrè nípa ìrù, tó jẹ́ ọkàn ẹ̀kọ́ náà, kò sí nínú ìwé. Ẹnu mi ló wà, ẹnu mi kò sì bá ìwé lọ sí Ìkòròdú.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i pé ẹni tó máa lo iṣẹ́ wa kò mọ̀ ju ohun tó wà lórí ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló fẹ́ fi iṣẹ́ wọn ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́rẹ, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì ń bẹ̀rù òfin. Fọ́ọ̀mù tí àwọn ìkànnì tí à ń gbé iṣẹ́ sí ní kó kọ ló rú ẹlòmíì lójú. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Lẹ́sìn nóòtì kò tíì tó

Lẹ́sìn nóòtì tí à ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, èròǹgbà wà níbẹ̀, ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá àwọn ọmọ, ìgbésẹ̀, ìgbéléwọ̀n, iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á wò ó, á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ara wa là ń kọ ọ́ fún. "Olùkọ́ ṣàlàyé ìdá" tó fún èmi tí mo mọ àlàyé tí mo fẹ́ ṣe. Kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Èyí tó máa kúrò lọ́wọ́ wa gbọ́dọ̀ ní ohun tí lẹ́sìn nóòtì kì í ní. Ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àwọn ọmọ bí ẹ ṣe máa ń bi wọ́n gan-an. Ẹ kọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì yín àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀kọ́ náà gbà yín ní tòótọ́, kì í ṣe iye tí tàbùlì àkókò fún yín. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ 25 parí ní ogójì ìṣẹ́jú lè má parí lọ́jọ́ kan níbi tí ọmọ 60 ti jókòó. Ẹ kọ irú páálí tí ẹ lò (tèmi jẹ́ páálí Indomie, kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù) àti pé tíṣà nìkan ló gbọ́dọ̀ di abẹ mú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà sọ ọ́. Tíṣà tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún, ọmọ kan á dìde ní kíláàsì mi, á ní ìdá kan nínú mẹ́rin ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, torí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Bí mo bá ní "rárá, kò rí bẹ́ẹ̀," kò ní gbà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá bi í léèrè: búrẹ́dì kan ló wà lórí tábìlì yìí, búrẹ́dì kan náà wà lórí ìyẹn, èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ jẹ ti ibí, èèyàn mẹ́rin ló fẹ́ jẹ ti ọ̀hún, níbo lo fẹ́ jókòó sí? Ọmọ náà á dákẹ́ díẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á lọ jókòó sídìí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ìlà mẹ́rin péré ni kíkọ èyí sílẹ̀ gbà, àmọ́ ìlà mẹ́rin náà lè yọ tíṣà tuntun nínú wàhálà ọ̀sẹ̀ kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí ẹ gbàgbé láti kọ? Ẹ fún tíṣà kíláàsì kejì ní ìwé náà. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ̀yin jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ sọ pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn," ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù nínú ìwé yín nìyẹn. Ó ṣòro láti jókòó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tó dà bí i.

Ẹ tún sọ ohun tó ṣeé yí padà àti ohun tí kò ṣeé yí. Ẹja Ẹ̀pẹ́ ni tèmi. Tíṣà tó wà lókè pápá lè lo iṣu, torí iṣu náà ní orí, ó ní àárín, ó ní ìdí, a sì mọ̀ pé wọn ò dọ́gba. Ẹni tó wà ní Àgbádárìgì lè lo àgbọn tí wọ́n là. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Ohun tí kò gbọdọ̀ yí ni pé kí ègé tí wọ́n kọ́kọ́ rí má dọ́gba, kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ pé ó rẹ́ ẹnì kan jẹ. Bí èyí bá kúrò, ẹ̀kọ́ náà ti kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àgbádárìgì ló tún ń sọ Ègùn nílé, nítorí náà mo kó àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì bí ìdá, ègé, dọ́gba àti ìlàjì sójú kan níbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí tíṣà lè kọ ti Ègùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, èdè náà wà nílẹ̀, ọmọ wà nílẹ̀, àmọ́ ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá kò tó. Àfi kí wọ́n jókòó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lónìí: ohun tí a kò bá kọ, ẹlòmíì kò ní rí i lò.

Ta ló ni ín?

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́ lórílẹ̀-èdè wa ni òfin kọ́píráìtì ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Ohun tó wí kò le tó bí a ṣe rò. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ ti di tiyín látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kò di dandan kẹ́ ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà wà fún ẹni tó kọ ìwé jálẹ̀ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ọba tàbí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni lẹ ti ṣe é, ẹ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Òfin kì í dáàbò bo èrò. Kò sẹ́ni tó ni ìdá, kò sẹ́ni tó ni àlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ẹnì kan fi ṣàlàyé rẹ̀, àwòrán tó yà, ìbéèrè tó tò, ìwọ̀nyẹn ní olówó. Torí náà, a ò lè ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́ta nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, ká kọ orúkọ wa sókè, ká fi ránṣẹ́. Àwọn kan á ní, "Mo kúkú dárúkọ ẹni tó kọ ìwé náà." Ó dáa láti dárúkọ rẹ̀, àmọ́ ìdárúkọ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Òfin fàyè gba àwọn nǹkan kan tí tíṣà lè ṣe pẹ̀lú ìwé nínú kíláàsì rẹ̀. Gbígbé e síta fún gbogbo ayé yàtọ̀ sí ìyẹn.

Bákan náà ni àwòrán tí a bá wá lórí Google. Google kọ́ ló ni ín. Ó kàn ń fi hàn wá ibi tó wà ni. Ẹ fọwọ́ ara yín yà á. Bí kò bá tilẹ̀ rẹwà, ọmọ á mọ̀ pé ẹja ni. Tàbí kẹ́ ẹ mú fóònù yín lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Wikimedia Commons náà wà, níbi tí wọ́n ti kọ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ohun tí ẹ lè fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ "ohun tí ẹ lè fi ṣe" yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Creative Commons. Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2001, wọ́n sì gbé àwọn àṣẹ ìlò àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejìlá 2002. Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ kò ní pẹ́ tó fi máa yé e. Láyé àtijọ́, bí onílẹ̀ bá fún àlejò láyè láti dáko, ilẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Àlejò á dáko, á jẹ, á tà, àmọ́ lọ́dọọdún á gbé iṣu tàbí nǹkan mìíràn lọ fún un, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó nilẹ̀. Onílẹ̀ sì lè ní, gbin iṣu, gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n má gbin kòkó, má gbin ọ̀pẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àṣẹ ìlò yìí. Àmì BY túmọ̀ sí pé: lò ó bó o ṣe fẹ́, ìṣákọ́lẹ̀ tí mo fẹ́ kò ju kí o dárúkọ mi lọ. Bí SA bá tẹ̀ lé e, bí o bá tún un ṣe, àṣẹ ìlò kan náà ni kí o fi gbé tìrẹ jáde, má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíì. NC ní kí wọ́n má fi ṣòwò. ND ní pín in bó ṣe wà, ṣùgbọ́n má gbé èyí tí o tún ṣe jáde. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́fà. CC0 dá dúró lọ́tọ̀: ẹni tó bá fi í sórí iṣẹ́ rẹ̀ ti yọ̀ǹda ohun gbogbo, kò tilẹ̀ béèrè ìṣákọ́lẹ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Ní tèmi, BY ni mo máa ń mú fún ẹ̀kọ́. ND kì í dáa fún iṣẹ́ tíṣà rárá, torí ẹni tí kò lè fi iṣu rọ́pò ẹja kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó pàdé lábẹ́ UNESCO ní Paris ní 2002, níbi tí orúkọ tí gbogbo ayé ń pe irú ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀ yìí (Open Educational Resources, OER) ti jáde, ní àtúnlò àti àtúnṣe yìí lọ́kàn. Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ rò dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì: ẹ ò lè gba àṣẹ yìí padà lọ́wọ́ ẹni tó ti rí iṣẹ́ náà gbà. Ẹ lè mú un kúrò níbi tí ẹ gbé e sí, àmọ́ ẹni tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ á máa lò ó lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ó máa ń wù wá láti fi fọ́tò wọn hàn, níbi tí wọ́n ti ń gé páálí pẹ̀lú ẹ̀rín. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo ohun tó jẹ mọ́ ọmọdé lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ àti páálí nìkan ni mo máa ń yà. Bí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ inú ìwé ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, màá fi bébà bo orúkọ rẹ̀ kí n tó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má gbàgbé báàjì ilé ẹ̀kọ́ tó wà láyà aṣọ wọn. Ìyẹn náà ń sọ ibi tí ọmọ wà.

Fáìlì

Ẹ gbé oríṣi méjì sílẹ̀: PDF, kí ìlà má baà tú ká lórí fóònù ẹlòmíì, àti èyí tó ṣeé tún kọ bíi Word, kí wọ́n lè yọ ẹja kí wọ́n fi iṣu sí i. Ẹni tí kò bá ní Word lè lo LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ni wàhálà tiwa. Àwọn kan lára wa ṣì ń lo fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún Yorùbá, tó jẹ́ pé bí fáìlì bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, ẹ, ọ àti ṣ á di àmì àjèjì. Ẹ lo fọ́ǹtì tó bá Unicode (ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ létà) mu, bíi Noto, kẹ́ ẹ sì fi àtẹ ìkọ̀wé Yorùbá tó wà nínú Gboard tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ tí wọ́n fi ìlà kékeré sí nísàlẹ̀ dípò àmì tóótó. Ojú wa lè má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n létà méjì ni lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ lè má rí èkejì. Ẹ má sì yọ àmì ohùn kúrò torí ìrọ̀rùn. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìdá, ẹ ò ní fẹ́ kí ọmọ ka "idà" síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i lórí fóònù kékeré, kì í ṣe tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú ìwé kan jáde ní dúdú àti funfun, kẹ́ ẹ ṣe fótókọ́pì rẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe fótókọ́pì ti fótókọ́pì náà. Bó ṣe máa dé ọwọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ní "ẹ kun apá tó pupa," kò ní sí pupa níbẹ̀ mọ́. Ẹ lo ìlà àti tóótó dípò àwọ̀. Ẹ dín fọ́tò kù kí fáìlì má wúwo, torí owó ara rẹ̀ ni tíṣà fi ń ra dátà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi WhatsApp fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnì kan kó kọ́kọ́ wò ó, ẹ mú document, ẹ má mú fọ́tò, torí WhatsApp á fún un pọ̀, létà kéékèèké á sì parẹ́.

Fọ́ọ̀mù àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ibi tí a lè kó wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀. OER Commons ń gba ẹ̀kọ́ lóríṣiríṣi. Bó bá jẹ́ ìtàn fún àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà lẹ ní, African Storybook tó wà ní South Africa àti StoryWeaver ti àwọn Pratham Books ní Íńdíà dáa fún un, àwọn méjèèjì ló sì ní àyè fún Yorùbá.

Gbogbo fọ́ọ̀mù wọn fara jọra. Ẹni tó ń wá nǹkan lóru, tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọ̀la, ni kẹ́ ẹ máa rò bí ẹ ti ń kọ ọ́. Àkọlé bíi "Ìṣirò 1" kò sọ nǹkan kan fún un. "Ìdá: kí ló dé tí ègé mẹ́ta kì í fi í ṣe ìdá mẹ́ta?" á dá a dúró. Níbi àlàyé, ẹ sọ ohun tí ọmọ á lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ohun èlò tó nílò, àti iye ìṣẹ́jú. Níbi kíláàsì, ẹ fi ọjọ́ orí kún un, torí ẹni tó wà lókè òkun lè má mọ ọmọ ọdún mélòó ló wà ní Praimárì 4. Níbi èdè, ẹ wá Yorùbá. Bó bá jẹ́ àmì kékeré ni wọ́n fẹ́, "yo" ni tiwa. Níbi ọ̀rọ̀ ìwákiri, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, "ìdá" àti "ida", torí ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i bí a bá ń wá nǹkan.

Bí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀ bá dá tiyín padà, ẹ má bínú. Wọ́n dá ọ̀kan padà fún mi rí torí àwòrán ẹja kan tí n kò lè sọ ibi tí mo ti rí i. Ó dùn mí, torí alẹ́ méjì ni mo fi ṣe é, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ya òmíràn fúnra mi, mo kọ "èmi ni mo yà á" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbà á.

Iṣẹ́ kì í tán níbẹ̀. Ẹ kọ déètì àti "àtúnṣe kìíní" sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Tíṣà kan tí a kò tíì fojú kan ara wa rí ló kọ̀wé sí mi pé ìdáhùn ìbéèrè kẹrin kò tọ̀nà: ìlàjì ni mo kọ síbi tó yẹ kí n kọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ́ di àtúnṣe kejì, mo kọ ohun tó yí padà sísàlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo tún fi tuntun ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi ní Ìkòròdú. Ìbéèrè nípa ìrù ló wà lókè pátápátá nínú rẹ̀ báyìí.